Ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ orin: ṣé iṣẹ́ ni, àbí eré?

(Ọ̀rọ̀ tí ádímìnì sọ sí gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

Èmi ni, ádímìnì yín, láti Jos níbí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sí wa ní aago márùn-ún ìdájí, mo bẹ̀ yín, fóònù àwọn kan ti kún.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ òní kì í ṣe ti dọ́là, kì í sì í ṣe ti owó ọkọ̀ ẹrù. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Minna ló bi mí ní ìbéèrè. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, n ò sì ní dárúkọ. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún méjìdínlógún, rí yunifásítì wọ̀, àmọ́ orin ló fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n yí i fún un o, òun fúnra rẹ̀ ló mú un. Ó ní òun fẹ́ di olórin ọ́pẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò ní san owó ìgbàwọlé. Wọ́n ní ṣé àwọn fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, àwọn jókòó ti àpótí bèárìnì fún ọgbọ̀n ọdún, kí ọmọ àwọn lè wá máa ṣe alágbe ni? Ìyá ọmọ ń sunkún, ọmọ ò jẹun, ilé ti dàrú. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni owó náà ń parí. Wọ́n wá pè mí, wọ́n ní, "Ìyá Jos, ẹ bá mi wádìí, irú iṣẹ́ wo lèyí gan-an?"

N ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Oníwèé mẹ́wàá ni mí, aṣọ ni mò ń tà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin bá jókòó ti fóònù lálálẹ́, a kà, a wò, a gbọ́. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀gbọ́n nìkan kọ́ ló bímọ.

Ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé ni. Ìtàn ni wọ́n ń ṣe, bíi ti àwọn òṣèré wa, àmọ́ dípò kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, orin ni wọ́n fi ń sọ ọ́, nígbà púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ Dúró Ládiípọ̀ àti Ọba Kò So ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ́pẹ́rà náà ni àwọn òyìnbó pe irú eré yẹn, wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní ti ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tó dá orin sílẹ̀ ti kọ gbogbo ohùn rẹ̀ sínú ìwé, olórin ò sì gbọdọ̀ yà kúrò lójú ìwé. Lónìí ó lè jẹ́ èdè Ítálì ni yóò fi kọ ọ́, lọ́la èdè Jámánì, lọ́túnla Faransé, kódà bí kò gbọ́ èdè náà rí nílé bàbá rẹ̀. Àwọn onífáólìn, onífèrè àti onílù á jókòó sínú kòtò níwájú ìtàgé, wọ́n lè tó ọgọ́ta, wọ́n lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn olórin á sì kọjá lórí gbogbo wọn, á dé etí ẹni tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn o.

Ibi ẹ̀rọ yìí ni mo ti ní kí ọmọ mi dúró. Mo ní irọ́ ni. Ilé ọ́pẹ́rà New York tí wọ́n ń pè ní Met, ìjókòó ibẹ̀ lé ní 3,500. Àwa tí a bá ń ṣe ìpàdé ènìyàn ogójì, a ó máa wá sípíkà kiri! Ó wá ka àlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní kì í ṣe igbe ni wọ́n ń ké. Ẹni tó bá ń kígbe, kò ní pẹ́ tí ohùn rẹ̀ á fi ha. Wọ́n ń kọ́ olórin bí yóò ṣe mí láti ìsàlẹ̀ ikùn, kí egungun ìhà là, kí èémí wá máa jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń rọ epo sínú ìgò tí ẹnu rẹ̀ kéré. Wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣí ọ̀fun sílẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi ní ìró kan tó ń dún bí agogo. Ibi tí ìró agogo yẹn wà, ibẹ̀ ni agbára fáólìn àti fèrè ti máa ń dínkù, ìyẹn ló fi ń rí àyè kọjá. Ẹ rántí obìnrin tó ń polówó mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ní garéèjì. Ohùn rẹ̀ ò pọ̀ tó ti tírélà, síbẹ̀ tírélà ń dún, ẹ sì ń gbọ́ mọ́ínmọ́ín. Òun náà ti rí àyè tirẹ̀.

Ohùn lè jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, àmọ́ èyí, ọ̀gá ló ń kọ́ni, ó sì ń gba ọdún púpọ̀. Ohùn ńlá kì í tètè gbó. Àwọn mìíràn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí tiwọn tó jókòó dáadáa. Ẹ fi wé ọmọ iṣẹ́ wa tó ń gba fírídọ́ọ̀mù lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Nínú gbogbo àwọn tí a kà nípa wọn, obìnrin kan ni mo mú, nítorí pé ọmọ tálákà ni, aláwọ̀ dúdú ni, olùkọ́ sì ni. Camilla Williams lorúkọ rẹ̀. Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹwàá 1919, òun sì ni àbígbẹ̀yìn ọmọ mẹ́rin. Awakọ̀ tó ń wa mọ́tò ọlọ́mọ́tò ni bàbá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, inú ẹgbẹ́ akọrin ló sì ti gbọ́n. Ayé ìgbà yẹn, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun kì í jókòó sí kíláàsì kan náà níbẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, òyìnbó ará Welsh kan wà nílùú tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin funfun ní orin ní kọ́lẹ́jì wọn. Kò lè mú ọmọ dúdú wọ ibẹ̀, ló bá ń kọ́ díẹ̀ nínú wọn nínú ilé onílé. Camilla wà nínú wọn. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó kan ẹ̀gbọ́n Minna. Ọmọ yìí lọ sí Virginia State College, iléèwé àwọn aláwọ̀ dúdú, ó jáde ní 1941. Orin ló kọ́, àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́ mọ́ ọn. Ó padà sí Danville, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta níwèé, ó ń kọ́ wọn lórin. Owó oṣù ń wọlé. Tó bá jẹ́ èmi ni ìyá rẹ̀, mo mọ ohun tí mi ò bá sọ: "Ó tó bẹ́ẹ̀, jókòó síbẹ̀, fẹ́ ọkọ."

Ẹni tó pè é kúrò níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́jì yẹn ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n wá ń gbé ní Philadelphia, ní ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ yìí ló ní kó máa bọ̀, àwọn á ràn án lọ́wọ́ kó lè kọ́ ohùn lọ́dọ̀ olùkọ́ gidi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Marion Szekely-Freschl. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẹgbẹ́ ni o! Àwọn tó kúrò nílùú wọn lọ jẹun níbòmíràn, bíi tiwa yìí, ni wọ́n gbé ọmọ náà dìde. Àwa, òkú nìkan la máa ń tètè dáwó fún.

Ní 1943 ó gba owó ìrànwọ́ tí Marian Anderson dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ olórin, ó sì tún gbà á ní 1944. Lẹ́yìn náà Geraldine Farrar gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọrin. Òyìnbó ni Farrar, gbajúmọ̀ olórin ọ́pẹ́rà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Obìnrin yìí mú kálàmù, ó kọ̀wé nípa ọmọ náà sí àwọn tó lè fún un níṣẹ́. Àwa ọlọ́jà mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Ẹni tí ọjà mọ̀ ló dúró fún ẹni tí ọjà ò mọ̀. Ohùn rẹ̀ ò kúkú yí padà láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà àti ọjọ́ tí wọ́n pè é, onídùúró ló rí.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún 1946, ó gun ìtàgé New York City Opera, ó kọ Madama Butterfly. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ilé ọ́pẹ́rà ńlá kan l'Amẹ́ríkà bá ṣe àdéhùn iṣẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Marian Anderson tó dá owó ìrànwọ́ yẹn sílẹ̀, tó lókìkí jù ú lọ fíìfíì, 1955 ni Met tó jẹ́ kó kọrin lórí ìtàgé wọn, ó sì ti di ẹni ọdún 57. Ẹ ò rí i pé àgbà lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ kó tó rí tirẹ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìtàn Butterfly yìí, ó dà bíi pé àwọn ọkùnrin gúrúùpù yìí ni wọ́n kọ ọ́ fún. Puccini, ará Ítálì, ló dá orin rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Milan ní 1904. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan lọ sí Japan, ó fẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, ó ní òun á padà wá, ó sì lọ. Ọmọbìnrin yẹn bí ọmọkùnrin kan fún un, ó dúró, ó ń wo òkun. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ máa dé, ó mú ìyàwó ilé dání wá, wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó ilé àti ìyàwó ọjà, n ò bá yín wí, mo kàn ń ṣàlàyé ọ́pẹ́rà ni.

Ẹ dákun, wọ́n ti mú iná lọ. Ẹ jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀.

Ó yá, mo ti padà. Ibo ni mo dé? Owó. Ẹ̀gbọ́n, owó lẹ fẹ́ gbọ́, mo mọ̀.

Olórin ọ́pẹ́rà tó ń dá dúró, iye alẹ́ tó bá kọrin ni wọ́n ń san fún un. Yóò kọ́kọ́ lọ kọrin níwájú àwọn tó ń yan olórin, ìṣẹ́jú mélòó kan péré, wọ́n á ní "a dúpẹ́", kò sì ní mọ̀ bóyá wọ́n á pè é. Tí wọ́n bá pè é, ó ní alárobọ̀ kan láàárín, ẹni tó ń bá a wá iṣẹ́, òun náà á yọ tirẹ̀ nínú owó. Tí ọ̀fìnkìn bá mú un lálẹ́ ọjọ́ eré, tí kò lè kọrin, owó ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn, bíi tiwa lọ́jọ́ tí ìjọba bá ní kí ọjà má ṣí. Ó ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ó ń fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Jámánì nìkan ni mo rí i pé ó yàtọ̀ gan-an. Wọ́n ní ilé ọ́pẹ́rà bí 80 tí ìjọba ń náwó sí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń gba àwọn olórin kan sí iṣẹ́ olówó oṣù bíi ti òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ mìíràn fi ń kó lọ síbẹ̀.

Camilla náà rìn. Ní 1954 ó kọ Butterfly ní ilé ọ́pẹ́rà ìjọba ní Vienna. Lọ́jọ́ tí Martin Luther King sọ̀rọ̀ ńlá yẹn ní Washington, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1963, Marian Anderson ni wọ́n ní kó kọ orin orílẹ̀-èdè, àmọ́ èrò ò jẹ́ kó tètè dé iwájú. Camilla ni wọ́n ní kó bọ́ síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ níwájú èrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí: kò sí pé jẹ́ kí n lọ múra. Ohùn ní láti wà ní sẹpẹ́ nígbàkúùgbà.

Nígbà tó di 1971, ó fi ìtàgé ọ́pẹ́rà sílẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti ní ọmọ yín á wá di alágbe. Camilla padà sídìí iṣẹ́ tó ti fi bẹ̀rẹ̀ ní Danville. Ó kọ́ni ní àwọn kọ́lẹ́jì ní New York, Brooklyn College wà lára wọn. Ní 1977, Yunifásítì Indiana gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ohùn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa wà nípò yẹn níbẹ̀. Ní 1984 ó lọ kọ́ àwọn ará Ṣáínà ní iléèwé orin wọn ní Beijing. 1997 ló tó fẹ̀yìn tì ní Indiana. Ogún ọdún gbáko nìyẹn, lẹ́nu iṣẹ́ olówó oṣù. Ó kú ní 2012, ẹni ọdún 92.

Àwọn kan á ní ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe mọ́ ló ń di olùkọ́. Èmi náà máa ń rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi iṣẹ́ yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wò ó, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn ara yín nínú gúrúùpù yìí rí tí ẹ ní "èmi kọ́ nìyí"? Gbogbo wa ni. Ohun tó fà á ni pé a máa ń gbọ́ ohùn ara wa láti inú egungun orí wa, àwọn ẹlòmíràn sì ń gbọ́ ọ láti inú afẹ́fẹ́. Olórin kankan ò lè gbọ́ ara rẹ̀ bí ará ìta ṣe ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, títí tó fi máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó nílò etí ẹlòmíràn. Àwọn olórin tó ti lókìkí káàkiri ayé pàápàá ṣì ń lọ dúró níwájú olùkọ́, á ní, "Ibí yìí, o ti ń fún ọ̀fun pọ̀." Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ́ wọn, ọmọ kan, olùkọ́ kan, dùùrù kan. Etí yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tí kò kọrin rí kò sì lè ní irú rẹ̀.

Ó wá ku Nàìjíríà. Òótọ́ ni mo máa sọ, n ò ní tan ẹnikẹ́ni. A ò ní ilé ọ́pẹ́rà tó ń san owó oṣù fún olórin bíi ti Jámánì. Àmọ́ a ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Nsukka ló kọ́kọ́ ní ẹ̀ka orin nínú àwọn yunifásítì wa, Ifẹ̀ ní tirẹ̀, MUSON ní Oníkan l'Ékòó sì ní iléèwé tó ń fúnni ní dípúlómà. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè di olùkọ́ orin ní iléèwé, ó lè máa darí ẹgbẹ́ akọrin, ó lè máa kọ́ àwọn ọmọ olówó nílé wọn, ó lè kọrin níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú ńlá. Ó lè ní iṣẹ́ mẹ́ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé àwa náà kì í ta aṣọ ká tún ta kirẹ́dìtì fóònù ni? Èyí tó bá fẹ́ lọ sókè òkun, owó ọkọ̀, físà àti owó ìdánwò wà níbẹ̀, kì í ṣe kékeré. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló ń dé orí ìtàgé. Púpọ̀ ò dé ibẹ̀.

Kí n sọ tèmi díẹ̀. Mo kọrin rí. Nígbà tí mo wà ní SS2, olùkọ́ kan sọ fún màmá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa dúró lẹ́yìn iléèwé kí òun máa kọ́ mi ní nóòtì. Màmá mi ní ta ni yóò wá jókòó ti àtẹ? N ò bínú sí wọn, àtẹ yẹn ló bọ́ àwa mẹ́fà. Àmọ́ ní ọdún tó kọjá, a ń kọrin nílé ẹbí, mo fẹ́ gbé e sókè bí mo ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀, kò gòkè. Mo ṣe bí ẹni pé ikọ́ ló mú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́. N ò ní kí ẹ ṣáà sanwó. Ẹ̀yin náà ò lè ra páàtì láì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ohùn gbọ́ ọmọ náà. Èkejì, ẹ bi í bóyá ó lè mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn bíi ti Camilla, kí ó lè rí nǹkan jẹ nígbà tí ohùn rẹ̀ bá ń gbó lọ́wọ́. Tí ó bá ní rárá, orí ìtàgé nìkan ni òun ń wò, ẹ pè mí, èmi náà á bá a sọ̀rọ̀.

Mo ti bá ọ̀gá akọrin kan sọ̀rọ̀ ní Kàdúná, ó kọ́ iṣẹ́ yìí nílé ìwé. Ó ní kí ọmọ náà kọ orin kan tó mọ̀ dáadáa, ìṣẹ́jú mẹ́ta, láìsí dùùrù, láìsí ìlù, kí ó dúró jìnnà sí fóònù díẹ̀, kí ó má kọ ọ́ nínú balùwẹ̀. Kí ó fi ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Yóò fèsì kó tó di Ọjọ́rú. Ó ti sọ fún mi pé tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, òun á sọ pé kò sí.

Tó bá ní ó wà, èmi mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lé owó ìgbàwọlé yẹn lórí. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún un, kó fi ránṣẹ́ sí akápò, kó má kọ iye rẹ̀ sínú gúrúùpù, nítorí ọmọ náà wà níbí pẹ̀lú nọ́ńbà ìyá rẹ̀.